Ilé Ọ̀rẹ́ Mi Ni Bàbá Mi Ti Ń Rẹ́rìn-ín

Owú ni mo fi tún kọ̀ǹpútà ilé wa ṣe. Mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlòmíì á ní iṣẹ́ làwọn fẹ́ fi ṣe, àwọn kan á ní àwọn kàn fẹ́ gbá gémù. Èmi o, owú ni. Mò ń jowú ọ̀rẹ́ mi, mò ń jowú pálọ̀ rẹ̀, mò ń jowú ẹ̀rín kan tó máa ń jáde láti ojú fèrèsé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí mo mọ ẹni tó ni ẹ̀rín náà. Bàbá mi ni.

Kọ̀ǹpútà náà ti wà nílé kí n tó wọ pólì níbí ní Ṣakí. Ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló rà á. Tòkunbọ̀ ni, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń lò ní ọ́fíìsì, tí àwọn oníṣòwò ń kó gba ẹnubodè wọlé láti Kútọnu. Bí a bá ti tàn án, á kọ́kọ́ ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á wá máa hu bí ẹ̀rọ ìlọta. Orí rẹ̀ ni mo ti tẹ gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe ní pólì, orí rẹ̀ náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti mọ gémù bọ́ọ̀lù gbá. Nígbà tí ìyá mi kú, òun nìkan ló ṣẹ́kù tó ń pariwo nínú ilé, torí bàbá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Tíṣà ni bàbá mi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì o, ṣùgbọ́n ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn kẹ́ ẹ wò ó: ẹ̀yìn wọn á nà gbọọrọ lórí àga, bọ́tìnnì ọrùn wọn á wà ní dídè. Àdúgbò wa ò mọ orúkọ míì tí wọ́n ń jẹ́ ju Bàbá Tíṣà lọ. Mi ò rí wọn kí wọ́n sáré rí láyé mi, àní bí òjò tilẹ̀ ń lé wọn bọ̀. Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, fàráńdà ni wọ́n ń wà látàárọ̀, wọ́n á máa wo ojú títì. Bí mo bá ní kí lẹ ó jẹ, sà, wọ́n á ní, "Ohun tó bá ti wà." Ó tán nìyẹn. Èmi nìkan lọmọ tó wà nílé, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Gémù ló mú wọn wọlé padà. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbá a ní pálọ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi la ti jọ ń bọ̀, èmi àti ẹ̀. Ìkókó ló wà nígbà tí bàbá tiẹ̀ kú. Ní báyìí ó ń ta ṣájà fóònù àti íápíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ó gbá góòlù kan wọlé mi lọ́jọ́ náà, ó ń fò, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn wa. Bàbá mi ni, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré dìde, mo fa àga tó dáa jù fún wọn, mo nù ún, mo ní kí wọ́n jókòó. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan ò ní lọ kí wọ́n má wá jókòó sórí àga yẹn, kí wọ́n máa wò wá. Inú mi dùn débi pé mo máa ń sọ ọ́ fún ìyá mi lọ́kàn mi.

Ni ọ̀rẹ́ mi bá lọ ra kọ̀ǹpútà. Tuntun o! Iná ń ṣẹ́jú nínú ẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, kò sì dún pínkín. Ó ní sólà lórí ilé, nítorí náà bí iná ìjọba wà, bí kò sí, kò kàn án. Gémù bọ́ọ̀lù tó dé kẹ́yìn ló fi sí i, èyí tí àágùn ń yọ lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo gbìyànjú láti fi irú ẹ̀ sórí tiwa, ńṣe làwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí ẹni tó há sínú ẹrẹ̀, kò sì pẹ́ tí ojú ẹ̀ fi di dúdú. Mo kí ọ̀rẹ́ mi kú oríire. Ẹnu mi ló kí i, inú mi ò kí i.

Bí kò ṣe wá sílé wa mọ́ nìyẹn. Èmi náà ò sì fẹ́ lọ jókòó tì í kí n máa wo nǹkan tí mi ò lágbára ẹ̀. Mo ní kò burú, èmi àti bàbá mi á máa bá tiwa lọ. Àfi bí bàbá mi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà nírọ̀lẹ́. "Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀." Lónìí, wọ́n na ẹsẹ̀. Lọ́la, wọ́n na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wo ló ń pẹ́ níta tó báyìí? Nígbà tó yá, mo ń bọ̀ láti ọjà lórí ọ̀kadà, a gba iwájú ilé ọ̀rẹ́ mi kọjá, mo gbọ́ ẹ̀rín. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rín nílé wa, tó dà bí ikọ́. Ẹ̀rín àríntàkìtì ni, tí ẹni tó ń rín in ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Mo ní kí ọlọ́kadà má dúró.

Ẹ wò ó, ara mi gbóná. Ọ̀rẹ́ tí ìyá mi fún lóúnjẹ, tó jẹ iṣu wa, tó sùn lórí ẹní wa! Kọ̀ǹpútà ò tó o, ó tún wá mú bàbá mi mọ́ ọn. Mo délé, mo se àsáró, mo gbé e kalẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wọlé, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹsẹ̀ ti nà?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Wọ́n jẹun tán, wọ́n lọ sùn. Wọ́n ti rín ẹ̀rín wọn tán níbòmíì, kò ṣẹ́kù ẹyọ kan tí wọ́n lè mú wálé.

Mo pinnu pé kọ̀ǹpútà wa máa gbé gémù yẹn, bó fẹ́ bó kọ̀. Owó dà? Iléèwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ ọmọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń san. Àgbàdo tí mo gbìn sọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni mo tà. Ọkùnrin kan wà lọ́jà tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tú, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi kún mẹ́mọ́rì ẹ̀ kó lè máa ṣe nǹkan púpọ̀ pọ̀ láì dákú. Mo yọ dísìkì àtijọ́ tó ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo fi èyí tí kì í dún sí i. Ó yá díẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì tó ń gbé àwòrán jáde ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè sáré. Mo rí tòkunbọ̀ kan rà, ó gbórín, ó ní fáànù méjì lójú. Mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Kò wọlé.

Àpótí pẹlẹbẹ ti ọ́fíìsì, káàdì ńlá: ibo ló fẹ́ gbà? Mo tú inú kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, mo gbé òfìfo àpótí ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń ṣe ilẹ̀kùn onírin, mo ní kó bá mi gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù. Ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní ṣé ààrò búrẹ́dì ni mo fẹ́ fi ṣe ni. Mo ní kó ṣáà gé e. Káàdì wọlé, ìdí ẹ̀ wà níta. Mo tàn án, ó ṣe fù, ó kú: ohun kékeré tó ń pín iná fún un ò lè gbé ẹrù tuntun yẹn. Mo tún padà lọ ra èyí tó lágbára. Òun náà ò wọlé, mo gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà lórí tábìlì, wáyà ń lọ, wáyà ń bọ̀. Nítorí eruku ọyẹ́, mo gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo fi bo ojú ibi tí wẹ́dà gé. Ó wá dà bí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tí wọn ò rántí rán. Ṣùgbọ́n ó gbé gémù náà! Àágùn ń yọ lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù! Èmi nìkan jó yí pálọ̀ ká.

Mo nu àga, mo pè wọ́n. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Wọ́n jókòó, ẹ̀yìn wọn nà gbọọrọ. Mo gbá a lójú wọn, mo gbá góòlù kan láti ọ̀nà jíjìn, irú èyí tó yẹ kí èèyàn fò sókè fún. "Ó dáa gan-an ni," ni wọ́n wí. "O káre." Bí ẹni tó ń máàkì ìwé. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n dé fìlà. "Jẹ́ kí n na ẹsẹ̀ díẹ̀." Háà! Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní tàn yín.

Mo tẹ̀ lé wọn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọ̀rẹ́ mi bí olè, mo yọjú. Ilẹ̀ ni bàbá mi jókòó sí! Lórí ẹní, bọ́tìnnì ọrùn ti tú, fìlà wà lẹ́bàá wọn, wọ́n di páàdì tí a fi ń gbá gémù mú lọ́wọ́ méjèèjì. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbá a. Ọ̀rẹ́ mi ń pariwo pé, "Bàbá Tíṣà, ẹ ti jẹ ẹ́! Ẹ lọ mú un nínú àwọ̀n!" Bàbá mi ní, "Ta ló jẹ ẹ́? Ìwọ olórí kunkun yìí! Eré ò tíì tán!" Wọ́n mú fìlà, wọ́n fi lù ú lórí, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Èmi? Àga tó dáa jù ni mo máa ń fà fún wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé mo lè na páàdì sí wọn. Ta ló ń na páàdì sí bàbá ẹ̀? Ṣé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa á jókòó ti bàbá ẹ̀, á fi góòlù mẹ́rin nà án, á máa fò sókè lójú ẹ̀, á wá dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Síbẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nílé wa, mo gbìyànjú ẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na páàdì sí wọn, mo tẹrí ba. "Ẹ jẹ́ ká jọ gbá a, sà." Wọ́n wo páàdì náà, wọ́n wò mí. "Ẹ̀yin ọmọdé lẹ ni eré. Máa gbá tìẹ, mò ń wò ẹ́." Wọ́n sì wò mí lóòótọ́, títí àkókò ẹsẹ̀ nínà fi tó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ, mi ò kí i. Mo ní, "O ò kúkú ní bàbá tìẹ, lo bá wá gba tèmi." Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó gbé ṣájà tó ń tò sílẹ̀.

"Ìwọ lo ní bàbá, èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà," ló wí. "Nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kó máa jowú?"

"Kí ló dé tí wọn ò lè bá mi gbá a?"

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní bí èmi bá na àwọn, ẹ̀rín ni. Bí ìwọ bá na àwọn, àwọn ti di arúgbó nìyẹn. Wọ́n ní lọ́dọ̀ mi, àwọn kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owú ò tìtorí òótọ́ dẹwọ́. Ọ̀rẹ́ mi tún mú ṣájà ẹ̀, ó ń tò ó. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà rẹ yẹn, ṣé ó ti gbé gémù yìí dáadáa?" Mo ní ó gbé e. "Ó dáa. Ra dátà, kó o dúró sílé yín nírọ̀lẹ́. A lè fi íńtánẹ́ẹ̀tì so tìẹ mọ́ tèmi, kálukú á wà nílé ẹ̀, ìwọ àti bàbá rẹ á jọ máa gbá a. Màá sọ fún wọn pé ará Ìsẹ́yìn kan ni wọ́n ń bá gbá."

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi dé fìlà, wọ́n lọ na ẹsẹ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí fóònù, ó tan sípíkà fóònù ẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láì pa á kí n lè máa gbọ́ wọn. "Bàbá Tíṣà, ará Ìsẹ́yìn kan ló fẹ́ bá yín gbá lónìí o." Ohùn bàbá mi dé: "Ìsẹ́yìn? Jẹ́ kó máa bọ̀! Ó máa jẹgba."

Mo ti rò pé màá rọra gbá a fún wọn. Irọ́ o! Àgbà ọkùnrin yẹn ti mọ̀ ọ́n gbá. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n sáré, bàbá mi sáré o, wọ́n sì gbá a wọlé. Ariwo sọ lórí fóònù. "Ará Ìsẹ́yìn! Ṣé o ti sùn ni? Ọ̀dẹ̀! Ọ̀bọ lásán-làsàn!" Bàbá mi ń bú mi, wọ́n ń pè mí ní ọ̀bọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín àríntàkìtì sí mi létí, bí wọn ò ṣe rín in sí mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Inú mi ń dùn, ó sì ń bà jẹ́, nítorí ará Ìsẹ́yìn yẹn ni mo wá ń jowú. Èmi tí mo jẹ́ ará Ìsẹ́yìn náà ni mò ń jowú ẹ̀.

Wọ́n gbá èkejì wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wọ́n, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n wá bi ọ̀rẹ́ mi, "Ọmọ ta tiẹ̀ lèyí, tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá báyìí?"

Ọ̀rẹ́ mi ò dáhùn. Ó ń dúró dè mí. Fóònù wà lẹ́bàá ẹnu mi. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, wọ́n á mọ ohùn mi, wọ́n á dìde nílẹ̀, wọ́n á wá fìlà wọn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù náà, mo sì tún bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láti àárín.