Ọwọ́ Giramafóònù Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń kọ́kọ́ jáde bí a bá ṣí àpótí giramafóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, lẹ́yìn náà ni òórùn káńfọ̀ tó ń kó sáàárín àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù kí aáyán má baà jẹ ìwé ara wọn. Yàrá rẹ̀ ní Lasunwon, ní Ìkòròdú, ni àpótí náà wà, lórí tábìlì tó fi aṣọ funfun bò. Ó dúdú, ó ń dán, aṣọ àrán pupa sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ti ń ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́, irin títẹ̀ kan tó ní igi lẹ́nu, tí a máa ń yí bírí bírí láti fi wáìn-ín. Bí a kò bá wáìn-ín, kò lè sọ ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọ̀dọ́ láyé ìgbà náà mọ bó ṣe rí. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, a ó pé jọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní àdúgbò, a ó máa gbọ́ gìtá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, a ó máa jó láìbọ́ bàtà. Bí ọkọ̀ ìjọba tó ń fi sinimá hàn bá ti wá sí pápá ilé ìwé, ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi yóò fi agbọ̀n ẹja kọ́ apá bí ẹni tó gbé báàgì, tí yóò máa rìn bíi ti àwọn obìnrin inú sinimá.

Ìyá wa á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìyá ọkọ ẹ rí ọ."

Òun á dáhùn pé, "Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní kí n kọ́ àwọn náà."

Káfíńtà ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ń ra ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́, ó ń tà á ní Ìkòròdú, èrè ẹja ló sì fi ra giramafóònù yẹn.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bímọ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé giramafóònù wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú lọ. Àmọ́ ọwọ́ giramafóònù ti jẹ lẹ́nu, kò mú mọ́, ó sì wà lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta wa. Ó ní kò lè tètè parí. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí èyí dá òun dúró. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́ ní irú giramafóònù yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ àwọn ẹlẹ́ja pé kó mú ọwọ́ tirẹ̀ dání wá síbi ìsọmọlórúkọ. A wá fi ìró di àpótí náà, àwa méjèèjì gbé e lọ sí èbúté Ipakodo.

Ọkọ̀ onígbòkun ńlá ni a wọ̀. A ti jókòó tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò sìmẹ́ńtì wọlé. Mo rí i tí omi ń gòkè lára pákó ọkọ̀ títí ó fi ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó wọlé.

Ìyá àgbà kan ní, "Bàbá ọlọ́kọ̀, ọkọ̀ yín ti kún o."

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó wà á ni? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

A jókòó jẹ́ẹ́. Àpò sìmẹ́ńtì ti gba àyè mi, orí ọ̀kan gan-an ni mo wá jókòó lé. A ti ń wo òrùlé páànù Ẹ̀pẹ́ lókèèrè nígbà tí afẹ́fẹ́ kan gbá ìgbòkun, ọkọ̀ fì, àwọn àpò wọ́ lọ sápá ibi tó fì sí, omi sì wọlé. Kò ju àkókò tí a fi ń wé gèlè lọ. Pákó kan ni mo dì mú títí àwọn apẹja fi dé. Wọn kò bá ẹ̀gbọ́n mi láàyè. Èèyàn mẹ́ta mìíràn náà kú.

Kí a tó sin ín tán ní Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ìlú. Ọlọ́kọ̀ ní òun kò jẹ̀bi, pé obìnrin Ìkòròdú kan ló tan giramafóònù nínú ọkọ̀, gbogbo èrò dìde, wọ́n ń jó, ọkọ̀ sì dojú dé. Mo gbọ́ ọ, n kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì ṣì ń bá itọ́ mi jáde bí mo bá wúkọ́, mo sì rò pé bí mo bá la ẹnu, omi yóò tún wọlé. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ rán ìyá wa níṣẹ́ pé kó kó àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣẹ́kù wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n fọ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ìyá wa kó wọn sínú agbọ̀n, ó ń sunkún.

Mo ti padà sí Ìkòròdú, mo ń kọjá ní ìkóríta wa nígbà tí alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ pè mí. Kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ kú àfẹ́kù. Ọwọ́ yín ti ṣe tán. N kò mọ ẹni tí mo lè gbé e fún." Ìgbà tí irin náà bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó yé mi.

Orí ilẹ̀ ni mo gbà dé Ẹ̀pẹ́, nínú lọ́rì, èmi àti ìyá wa. Lẹ́yìn àdúrà ni àáfà ìdílé náà ní, "Ijó ni wọ́n ń jó lójú omi. Ẹ wo bó ṣe parí." Wọ́n gbé agbọ̀n síwájú, òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ jókòó láàárín àwọn àgbà, ó ń mi orí.

Mo dìde láàárín àwọn obìnrin.

Ẹnìkan ní, "Jókòó, ọmọ yìí."

N kò jókòó. Mo rìn lọ síwájú, mo gbé irin náà lé orí ẹní. "Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá. Ọwọ́ giramafóònù rèé. Ìkòròdú ló wà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rì. Kí ni wọ́n fi wáìn èyí tó wà nínú ọkọ̀?"

Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n lè ní méjì."

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. Ó ní, "Wọn ò ní méjì. Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kí n mú tèmi wá. Ó wà nílé mi títí di báyìí."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "O mọ̀, o sì dákẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

N kò lè bá a wí. Mo kàn fi kún un pé, "Àpò sìmẹ́ńtì ló wà nínú ọkọ̀. Orí ọ̀kan ni mo jókòó lé." Ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀. Àáfà wo irin náà pẹ́, ó ní, "Ẹ gbé agbọ̀n fún ìyá rẹ̀." Àáfà kò tọrọ àforíjì, àmọ́ wọn kò lo òòlù náà.

Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ náà fi gbé giramafóònù tirẹ̀ wá sí Lasunwon, ó ní ká máa lò ó dípò èyí tó bá omi lọ. Ọwọ́ tiwa bá a mu. Ìyá wa ló ṣí fèrèsé méjèèjì kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, èmi ni mo sì wáìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, n kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́, ojú kò sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, nítorí àwọn ọmọ wọn wà láàyè, a sì ń pàdé lọ́jà. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, níbi ìgbéyàwó kan, mo tún gbọ́ tí ẹnìkan tí a kò tíì bí nígbà náà ń sọ pé orin ló ri ọkọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, àti nítorí ohun kan tí n kò sọ lọ́jọ́ kẹjọ.

Orin wà nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń kùn sí i lábẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ń fi ìka lu àpótí giramafóònù tó gbé lé itan, títí ọmọ náà fi dákẹ́. Mo fi í pamọ́ ní Ẹ̀pẹ́ torí mo mọ̀ pé wọn yóò rọ̀ mọ́ ọn. Ní báyìí kí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn bó bá wù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin títí omi fi dé. Sìmẹ́ńtì ló pa á.