Ibi Tí Ṣíà Ìyá Mi Ti Wá

Irú ẹ̀rù tó bà mí ní ọjọ́ ìpàdé ẹbí yẹn, kò bà mí rí, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tètè tán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi ti kú, a ti sin ín, àwọn ẹbí rẹ̀ sì jókòó kún pálọ̀ wa ní Àgùdà láti wá gba ṣíà, ìpín tí ìyá mi ní nínú ilé-iṣẹ́ ńlá kan, lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi ń ta aṣọ ní Mushin. Owó aṣọ ló fi ń ra ṣíà náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá mi ló fi rà á. Àwọn obìnrin ìgbà tiwọn kì í fẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ń kó ẹrù tiwọn sọ́tọ̀ nínú ilé ọkọ. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí á yí i sí orúkọ ẹni tó ni ín, ó sì fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé-iṣẹ́ náà dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí àtijọ́, wọ́n fún ìyá mi ní tuntun, ṣíà méjì di ẹyọ kan. Ọjọ́ tó wà lórí tuntun yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé bí a ṣe sin ọkọ tán ni opó kó ogún pamọ́.

Èmi ni mò ń bá a tọ́jú àkọsílẹ̀. Ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú ní kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ṣókí ni mo sì máa ń tẹ̀ síbẹ̀, ìlà kan fún rírà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó rà á, iye rẹ̀, owó ta ni. Bí ṣíà bá yí orúkọ tàbí tó di òmíràn, mi ò ní pa ìlà àtijọ́ rẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa kọ tuntun sí, ọjọ́ àkọ́kọ́ á sì tẹ̀ lé e lọ. Ọmọ tó pààrọ̀ ilé-ìwé kò pààrọ̀ ọjọ́ ìbí.

Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń já mi láyà. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Mọ́mì Jíbówú, ti fún ìyá mi lówó pé kó bá òun ra díẹ̀ mọ́ tirẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń lọ sanwó. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Dádì Jíbówú kì í gbà kí ìyàwó ní owó tí òun kò mọ̀ sí. Ó ti lé e jáde rí nítorí owó àjọ.

Dádì Jíbówú yìí náà ló wá ń darí ìpàdé. Ó ní, "Ìyàwó wa, ogún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kó o sílẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọsílẹ̀ tí mo tẹ̀ jáde sínú ìwé. Láti orí ìwé ẹ̀rí tuntun, mo padà sí èyí tó ti wá, títí dé ọjọ́ tí ìyá mi sanwó. Dádì Jíbówú jẹ́ kí n rìn jìnnà kó tó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà lo tẹ̀ ẹ́. Ta ni kò lè tẹ ohun tó wù ú?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò purọ́. Òjò ti ba ìwé ìsanwó jẹ́ ní ìsọ̀ ìyá mi. Ìwé tí bàbá mi fọwọ́ sí, wọ́n ní ọwọ́ aláìsàn la dì mú. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́rìí wa, ìdí ilẹ̀kùn ló jókòó sí, ó ń wolẹ̀. Ìlà tirẹ̀ ló sì kàn. Bí mo bá kà á, mo gba ìyá mi là, mo sì ba ilé onílé jẹ́. Mo wo ìyá mi. Ó rọra mirí sí mi pé kí n má kà á. Mo bá ká ìwé náà.

"Kí ló dé tí o dákẹ́?" Mọ́mì Jíbówú ló sọ̀rọ̀. "Ka tèmi náà."

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. Mọ́mì Jíbówú kò wo ojú rẹ̀.

"Èmi àti ìyálé mi la jọ ń lọ sanwó náà," ó ní. "Owó aṣọ rẹ̀ ni tirẹ̀, owó ẹja mi ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n yín ò mú kọ́bọ̀ wá."

Mo tú ìwé náà, mo ka ìlà rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bèèrè ṣíà mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Dádì Jíbówú bá ìdí ilẹ̀kùn kọjá, kò pe ìyàwó rẹ̀, òun náà kò sì dìde. Ìyá mi wọ yàrá, ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí ibùsùn tí bàbá mi kú sí.

Ó pe Mọ́mì Jíbówú, ó ní, "Ìyàwó, wá sinmi."