Ta Ni Ó Ní Kí N Di Dókítà?

Ọdún kan péré ni mo lò ní yunifásítì kí ó tó hàn sí mi pé n kò mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo fìdí rẹmi o. Ká ní mo fìdí rẹmi ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn, n bá sunkún, n bá gba ilé lọ, wọn a sì ní kí n pẹ̀lẹ́. Mo yege ni. Wọ́n gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ọdún àkọ́kọ́ tí gbogbo wa fi ń kọ́ sáyẹ́ǹsì kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú ti parí, mo sì wà lára àwọn tí yóò tẹ̀ síwájú. Àwọn tí kò yege ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi tí mo yege náà ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ẹnì kan tilẹ̀ bá mi yọ̀, ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ló fà á. Ẹ̀ka jọ́gíráfì ló wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó gbé máàpù ńlá kan wálé, ibùsùn tirẹ̀ kò gbà á, ó bá tẹ́ ẹ kọjá sórí tèmi. Ó máa ń fi ohùn Èkìtì mi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà, nígbà tí ó ní kí n wá wo ìlú wa, mo rò pé yẹ̀yẹ́ náà ló tún fẹ́ ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Adó nìyí, Ìgèdè nìyí lápá òsì, Ìgbẹmọ nìyí lókè, Ìjan lápá ọ̀tún. Mo rí òkè tí a máa ń gùn lọ sí oko bàbá mi lọ́nà Ìjan. Wọ́n fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, ìlà lórí ìlà, ibi tí àwọn ìlà náà sì ti fún mọ́ra jù ni ibi tí orúnkún ti máa ń ro mí láti kékeré. Ẹnì kan ti jókòó níbì kan, ó ti wọn ìrora orúnkún mi, ó sì ti yà á sórí ìwé!

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yọ́ lọ sí kíláàsì wọn. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí. N kò lè sọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀ gan-an, mo kàn mọ̀ pé bí mo bá wà níbẹ̀, n kì í wo aago. Bí mo bá padà sí kíláàsì tèmi, mo tún ń ṣe dáadáa. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún? Èmi tí mo ti di dókítà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ A.

Bí ó ṣe rí nìyí. Ní ilẹ̀ wa, obìnrin tí a gbé níyàwó kò gbọdọ̀ pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ fún un, àtọkùnrin àtobìnrin. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè wọ́n. Nígbà tí àbúrò bàbá mi gbé ìyàwó, ọmọ Ìgèdè kan tí ó pupa, tí ó sì máa ń yára rẹ́rìn-ín, èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n rí i pé ó ti fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, èékánná ti ṣí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, ní ọsibítù àwọn sísítà Kátólíìkì ní Adó. Mo sáré wọlé, mo fa báńdéèjì yọ nínú báàgì rẹ̀, mo sì wé e mọ́ ìyàwó lẹ́sẹ̀, mo wé e, mo wé e, títí ẹsẹ̀ náà fi tóbi bí orí ọmọ tuntun. Ìyàwó tí ó ti ń sunkún ilé bàbá rẹ̀ bọ̀ láti Ìgèdè bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Háà, dókítà ọkọ mi!”

Ó parí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹsẹ̀ ni Ìyàwó wò ní tirẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ. Bí mo bá jẹun, dókítà ló jẹun. Bí mo bá ṣe aláìgbọràn, bàbá mi a ní ṣé bí dókítà ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo dé sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́, èmi náà kò sì bi ara mi. Nígbà tí yunifásítì gbà mí, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fádà sì gbàdúrà fún dókítà wa tí ń lọ. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, inú mi dùn. Bóyá inú mi dùn lóòótọ́ ni o, bóyá inú àwọn ènìyàn tí ó dùn ló ràn mí, mi ò mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀ mọ́.

Báyìí ni mo wálé fún ìsinmi gígùn, tòun ti orí fífọ́. Kí ilé ìwé tó wọlé padà, mo gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ka tí mo fẹ́ fún wọn. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, Ìyàwó ló kọ́kọ́ rí mi. “Dókítà mi! Dókítà ọkọ mi! Kú àbọ̀ o!” Ó gba báàgì mi, ó gbé e lé orí. Mo dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta mí lára bí èékánná.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá mi lóko, yóò ní kí dókítà ó rọra fi ọwọ́ mú àdá. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá mi, yóò ti ti iṣẹ́ dé, yóò ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ó wá di pé orúkọ yẹn gan-an ni mo ń bínú sí. Mo rò ó títí, mo ní bí etí mi kò bá gbọ́ ọ mọ́, ọkàn mi á balẹ̀, n óò sì mọ ohun tí mo fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti Ìyàwó jókòó sẹ́yìnkùlé, à ń ṣa òkúta inú ìrẹsì Ìgbẹmọ tí ó ń tà. Mo ní, “Ìyàwó, jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí o máa pè mí lórúkọ. Orúkọ mi gan-an.”

Ohun rere ni mo rò pé mo sọ. Ní yunifásítì, orúkọ ni gbogbo wa ń pe ara wa, títí kan àwọn tí wọ́n dàgbà jù wá lọ. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyàwó gbé àtẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ó ní, “Kí ni mo ṣe?”

“O kò ṣe nǹkan kan.”

“Obìnrin tí ó bá ti kúrò lúlé ọkọ ló ń pe ọmọ ulé lórúkọ. Ta ló rán ọ sí mi? Ṣé wọ́n ti sọ pé kí n máa lọ ni?”

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Láti ìgbà tí a ti gbé e wá, Ìyàwó kò tíì bímọ. Kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan fún un nílé wa, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì bímọ nílé ọkọ kì í sùn tán, kò sí bí ilé náà ti lè dára tó. Mo ní rárá, rárá, mo fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ó ti dìde. Nígbà tí n óò fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, aṣọ ló ń kó sínú àpótí.

Wàhálà dé. Bàbá mi ti oko dé, ó bá ilé báyìí. Ọkọ Ìyàwó náà dé. Àwọn méjèèjì dojú kọ mí. “Ta ló rán ọ?” Mo ní kò sí ẹni tí ó rán mi. Wọn kò gbà. Àbúrò bàbá mi ní ọmọ yunifásítì kì í ṣàdédé sọ̀rọ̀, pé ìdí gbọ́dọ̀ wà. Ó wá kọjú sí bàbá mi, ó bi í bóyá òun ló sọ nǹkan kan lẹ́yìn òun. Bàbá mi búra. Ìyàwó ń sunkún nínú yàrá. Gbogbo rẹ̀ ń pòyì lójú mi, ìbínú sì gbé mi.

Mo kígbe, “Mi ò fẹ́ ṣe dókítà mọ́ ni!”

Ìyàwó yọ sẹ́nu ọ̀nà, gèlè lọ́wọ́.

“Nítorí ìyẹn nìkan?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ta ló ní kí o ṣe dókítà?”

“Ìwọ ni!”

“Èmi kẹ̀? Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ, mo wá nǹkan tí mo lè máa pè ọ́. Olówó-Èkó ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣé ó ti dé Èkó rí?” Ó fi gèlè nu ojú. “Aba rẹ ló fẹ́ dókítà.”

Bàbá mi ní, “Èmi? Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Òun kúkú ni nọ́ọ̀sì.”

Nígbà tí ìyá mi ti iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tí a fi bi í. Ó wò mí títí. Ó ní, “Èmi rò pé ìwọ ni. Mo mọ ohun tí ojú àwọn dókítà ń rí níbẹ̀. N kì bá fi uṣẹ́ yẹn lọ̀ ọ́. Mo rí i pé ó ń dùn mọ́ ọ nínú ni.”

Èmi náà, mo rí i pé ó ń dùn mọ́ wọn nínú ni.

Ó yẹ kí n yọ̀. N kò yọ̀. Inú ló bí mi sí gbogbo wọn, àfi bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó tàn mí. Mo ti ru ẹrù kan láti kékeré, mo wá fẹ́ sọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí ó gbé e lé mi lórí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Ìyàwó ti ń tú aṣọ rẹ̀ jáde nínú àpótí, èmi nìkan ni ojú mi le.

Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé jọ́gíráfì ló ń wù mí, bàbá mi bi mí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “O fẹ́ fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tí ìwọ gan-an ò mọ̀?” Mo ní, “Ṣé kí n dúró síbẹ̀ nígbà náà?” Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá ìyá mi ní kọ̀rọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yàn án fún mi, èyí tí ó bá mú, n óò ṣe é. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí n má fi òun ṣe ẹlẹ́bi ọjọ́ iwájú. Ìyàwó ní tirẹ̀ kò pe dókítà mọ́, kò sì wá orúkọ mìíràn. “Ọkọ mi” lásán ni ó ń pè mí, ó ní kí òun ṣì máa wo ojú mi ná. Mo rò pé ọkàn mi yóò balẹ̀ tí n kò bá gbọ́ orúkọ yẹn mọ́. Irọ́ ni. Ilé wá dákẹ́ jù, n kò rí ẹni bá jà.

Mo padà sí ilé ìwé láìtíì mọ̀. Nínú mọ́tò, mo yàn án, mo yí i padà, mo tún yàn án. Títí mo fi dúró níwájú bàbá kan tí ó ti hewú lẹ́yìn tábìlì, ẹni tí ń kọ ẹ̀ka wa sílẹ̀, mi ò lè sọ èyí tí yóò jáde lẹ́nu mi. Jọ́gíráfì ló jáde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ dókítà? Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀?”

Mo ya ẹnu láti dárúkọ ẹnì kan. Mo wá a. N kò rí bàbá mi, n kò rí ìyá mi, n kò rí ẹnikẹ́ni tí mo lè nàka sí.

“Èmi ni,” ni mo wí, ohùn mi sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí n tún un sọ.