Àdúrà fún Imú Ọkọ̀ Òfurufú

Mo rántí ìgbà tí mo ti òkè òkun dé sí ilé wa ní Kàbà nínú ọyẹ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lè jẹun. Iṣẹ́ wa lọ́hùn-ún ni kí a so ọkọ̀ òfurufú kékeré tó jẹ́ àpẹẹrẹ ọkọ̀ gidi, tí kò gùn ju apá mi lọ, sínú ihò irin gbọọrọ, kí ẹ̀rọ máa fẹ́ atẹ́gùn lù ú títí eré atẹ́gùn náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eré ìró dọ́gba. Irú ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé, bó bá ti dé ibẹ̀, á máa gbọ̀n, imú rẹ̀ á sì dorí kodò. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni àbúrò mi tó jẹ́ ológun òfurufú fẹ́ lọ máa wà.

Mo rò pé ìwé tí mo kà ti tó kí wọ́n fi gbọ́ tèmi. Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo ní, "Ọkọ̀ yẹn, bí imú rẹ̀ bá..." Ìyá wa fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Tò! Ṣé létí ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ́la lo ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ìṣubú? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́!"

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Àwọn awakọ̀ òfurufú a máa bẹ̀rù irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ìyá arúgbó lọ.

Lówùúrọ̀, a péjọ síwájú ilé láti súre fún un. Àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ mùsùlùmí, ṣàdúrà tán, ó ní kí èmi àkọ́bí fi tèmi kún un. Mo gbé ọwọ́ lé àbúrò mi lórí.

"Bí imú ọkọ̀ bá tilẹ̀ fẹ́ dorí kodò, o kò ní bá a jà."

"Àmín!"

"O kò ní máa fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀pá ìdarí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni wàá kọ́kọ́ dín kù."

"Àmín!"

"Eré á rọlẹ̀, ọkọ̀ á sì gbọ́ tìrẹ."

Àmín ìyá wa ló ròkè jù.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó padà wálé, ó ti rù. Ó ní, "Bùọ̀dá, ó ṣẹlẹ̀. Mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á kí n tó rántí àmín Màmá, ni mo bá dín ẹ́ńjìnnì kù." Ìyá wa bú sórin ọpẹ́. Àbúrò mi ní kó dákẹ́ ná: ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ fò lọ́jọ́ náà, nínú irú ọkọ̀ kan náà, kò bọ̀.

Ìyá wa ti darúgbó báyìí. Ó ṣì ń sọ pé àdúrà ló gba ọmọ òun là, n kì í bá a jiyàn. Ọ̀rẹ́ yẹn ni mo máa ń rò. Ó dá mi lójú pé wọ́n súre fún òun náà nílé wọn, wọ́n sì ṣe àmín. Títí dòní, n kò tíì lè bi àbúrò mi bóyá ó sọ àdúrà tèmi fún un.