Iyanrìn Tí Òkun Kó Fún Ẹlòmíràn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ pé gbígbé ni wọ́n ń gbé mi wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ti máa ń lo ìsinmi ilé ìwé. Àjàṣẹ́ níbí, nílẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, ni àwa ń gbé, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò fẹ́ràn ìgboro. Ẹ ó sọdá ọ̀sà, ẹ ó rìn nínú iyanrìn gbígbóná, kí ẹ tó dé ibi tí ọkọ rẹ̀ gbin àgbọn sí létí òkun. Ọkọ náà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yìn ahéré ni wọ́n sin ín sí, ìyá àgbà a sì máa kí i láràárọ̀ bí ẹni pé ó kàn sùn pẹ́ ni.

Ìlà àgbọn mẹ́jọ ló wà láàárín ahéré àti omi nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ka mẹ́fà. Mo rò pé n kò mọ̀ ọ́n kà ni.

Ìyá àgbà ní, "O kà á dáadáa. Òkun ló ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé etí òkun rí lè rò pé ìjì ńlá kan ló ń gbé ilẹ̀ lọ. Rárá o. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìgbì kì í wá tààrà lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá, láti ìwọ̀ oòrùn. Tó bá fọ́ lára bèbè, á wa iyanrìn nídìí àgbọn. Tó bá ń padà, á kó o dání, omi a sì máa wọ́ ọ lọ sápá ìlà oòrùn. Gbòǹgbò á yọ síta, igi á fì, á fì, lọ́jọ́ kan ẹ ó jí, ẹ ó bá a lójú omi. Bèbè tí a ń sáré sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá dúró gàgàrà bí ògiri.

Ṣùgbọ́n òkun kì í gbé iyanrìn mì. Níwájú, lọ́nà ìlú Kraké, agbára omi máa ń dín kù, ibẹ̀ ló sì ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Àbúrò ọkọ ìyá àgbà ló ń gbé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ tiwa ṣe ń kéré ni tirẹ̀ ń gbòòrò. Ibi tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ di ilẹ̀ gbígbẹ, koríko hù níbẹ̀, ó sì gbin àgbọn tuntun sí i.

Lọ́dún tó ku ìlà kan ṣoṣo, ìyá àgbà mú mi dání, a fẹsẹ̀ rìn lọ bá a. Òun ló pọn ọkùnrin yìí nígbà tó dé ilé ọkọ tó bá a lọ́mọ ọwọ́. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí i, nítorí ìyàwó ilé ni.

"Ẹ dákun," ó ní, "omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ahéré. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lórí ilẹ̀ tuntun yìí, kí n gbé ẹ̀gbọ́n yín wá síbẹ̀, kí n sì máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣebí ọ̀dọ̀ wa ni iyanrìn yìí ti wá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé o kọ orúkọ sára iyanrìn náà ni?" Ó tún ní, "Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi wá. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ní ilé bàbá tìrẹ."

Ìyá àgbà fọwọ́ ti iyanrìn. Ó pẹ́ kó tó lè dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Wọ́n hú egungun bàbá àgbà, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n gbé e lọ. Ìyá àgbà sìn wọ́n dé ààlà ilẹ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì padà. Bàbá mi, tó ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn Faransé, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo bínú sí i títí ó fi kú. Yàrá kan ní Tokpota, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ níbí, ló mú ìyá rẹ̀ wá, níbi tí kì í ti í gbọ́ ohùn òkun. Kò pé ọdún méjì tó fi lọ. Ibí la sin ín sí. Ọkọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Láyé ìsinsìnyí, wọ́n ń kó òkúta ńláńlá dí ojú òkun. Ibi tí òkúta bá parí sí, ibẹ̀ ni omi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ń fi ìwé ta ilẹ̀ etí òkun fún àjèjì, ẹni tó rà á kò sì béèrè ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi a máa bú òkun bí ọ̀tá. Èmi kò bá òkun ṣọ̀tá. Òkun kò mọ ẹni tó jà lólè, kò sì mọ ẹni tó ta lọ́rẹ. Ẹni tó mọ̀, tó dúró lórí iyanrìn wa, tó ní kí ìyá àgbà mi máa lọ, òun ni n kò tíì dárí jì.