Garawa Méje Tó Ṣẹ́kù

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Damaris Quiceno, sọ fún un pé ìṣirò rẹ̀ kò pé. Láti ọdún mọ́kànlá ló ti ń ya àtẹ̀gùn lórí kọ̀ǹpútà fún wa lórí òkè ìlú Medellín, níbi tí ilé ti gun orí ilé, tí ọkọ̀ kò lè dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo àdúgbò a jáde fún ọ̀wẹ̀: àwọn kan a po kọnkéré, àwọn kan a fi garawa gbé e gòkè, Ìyá Rosalba a sì se ọbẹ̀ adìyẹ nínú ìkòkò ńlá. Damaris ló máa ń sọ iye garawa tí àtẹ̀gùn yóò gbà, iye náà gan-an la ó sì pò. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju garawa kan lọ rí.

Lọ́jọ́ yìí, garawa méje ló ṣẹ́kù.

"Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà ẹ ti mutí yó o!" Ìyá Rosalba ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín.

Graciano kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ọ̀gá àwọn oníbọn àdúgbò. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti da pèpéle àárín àtẹ̀gùn, níbi tí èèyàn ti ń sinmi ẹsẹ̀, ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Nínú sìmẹ́ńtì àti iyanrìn tí a ti wọ̀n sílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà ni wọ́n ti bù, àwa sì po ìyókù.

"Ẹ da ìyókù sí kòtò, ká jẹun," ó ní.

Damaris sáré wọlé, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà dáadáa a máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ibi tí àtẹ̀gùn ti wọnú pèpéle lẹ́ẹ̀mejì, kọnkéré a sì pọ̀ jù. Ó gbàdúrà kó jẹ́ àṣìṣe yẹn ni òun ṣe. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò ṣe é.

Garawa méje, lítà mẹ́wàá mẹ́wàá: àádọ́rin lítà. Nǹkan kan ti gba àyè yẹn.

Edilson àbúrò rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ Jímọ̀. Graciano ní kó wá bá àwọn gbé ìbọn, ó kọ̀. Ní Ọjọ́bọ, nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n: àádọ́rin kílò. Ẹni tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ rí mọ̀ pé ara èèyàn àti omi kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ara wọn lọ: lítà kan, bíi kílò kan. Damaris mú òòlù ńlá lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kọnkéré pèpéle náà kò tíì le dáadáa. Bó ṣe sọ òòlù mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, Graciano ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá a lẹ́nu, eyín kan fò jáde.

"Orí ẹ dàrú ni? Àtẹ̀gùn gbogbo èèyàn lò ń fọ́ yìí?"

"Àbúrò mi dà?"

"Ó ti sá lọ sí Cali!"

"Irọ́ ni! Òun ló wà níbí yìí!"

Graciano fi ìdí ìbọn lù ú lórí. Damaris ṣubú, ó dìde, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ó tún sọ òòlù. Graciano tẹ apá rẹ̀ mọ́ òkúta títí eegun fi dún. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: àwa ọkùnrin ń wo inú abọ́ ọbẹ̀ wa.

Ìyá Rosalba ló sún mọ́ wọn, garawa lọ́wọ́. "Damaris, ṣé ìṣirò yẹn dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Ọbẹ̀ tó ń hó ló wà nínú garawa náà. Ìyá arúgbó náà dà á lé Graciano lẹ́yìn. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbà náà la tó rántí pé ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ wa. A lù ú títí kò fi ké mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti na pápá bora.

Nígbà tí a fọ́ pèpéle náà, bàtà Edilson la kọ́kọ́ rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, a tún pèpéle náà dà. Damaris ló ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn. Nígbà tí a parí, garawa kan kò ṣẹ́kù. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún.