Ògiri Tí Bàbá Sìmẹ́ńtì Dí Lẹ́nu

Bàbá Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí apá rẹ̀ ṣì gbé iṣẹ́ bíríkìlà dáadáa, òun ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́ àwọn ilé alámọ̀ òpópónà náà, títí gbogbo wọn fi ń dán. Ilé àkọ́kọ́ tó rẹ́ ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Màmá Òkè, ilé tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ìpéǹpéjú ẹni tó ń tòògbé.

Ilé náà ló ń wú báyìí. Ògiri rẹ̀ ń làágùn nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọ̀dọ́bìnrin, ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí i lára: wíwó ni, lọ́jọ́ Ẹtì.

"Ó ti rẹ ilé yìí," ni Màmá Òkè wí lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ti rẹ èmi náà."

Bàbá Sìmẹ́ńtì gbé etí lé ògiri. Ní kékeré, bó ti máa ń ṣe nìyẹn tí oorun á fi gbé e lọ: ilé á máa mí, òun náà á máa mí, bí ọmọ lẹ́yìn ìyá. Lónìí, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó mọ ìdí. Amọ̀ a máa mu omi, a sì máa mí i jáde; sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó mí. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ti rí i lára ilé mìíràn, ó sì panu mọ́. Orúkọ tó ń bọ́ni, ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ bà á jẹ́?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀dọ́bìnrin náà dé pẹ̀lú àwọn awólé.

"Ọmọ mi, ilé ò ṣàìsàn," ni Bàbá Sìmẹ́ńtì wí. "Èmi ni mo dí i lẹ́nu. Ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀."

"Ọdún mẹ́wàá!" Ẹ̀rín pa Màmá Òkè. "Abájọ! O á wá kí mi, ògiri lò ń wò. Mo ṣe bí ẹ̀rù ikú mi ló ń bà ọ́ ni!"

Bàbá Sìmẹ́ńtì mú òòlù, ó kan ojú àmì pupa náà. Sìmẹ́ńtì já bọ́. Amọ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ipa ìka àwọn tó mọ ilé náà ṣì wà lára rẹ̀ bí ìgbì odò. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi èékánná ha á. Kò ya.

"Inú rẹ̀ ṣì le," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ bó gbogbo rẹ̀, Bàbá. Bó bá gbẹ kí òjò tó dé, a ò ní wó o."

Bó ṣe ń bó o lọ́sàn-án, télọ̀ òdìkejì ké sí i: "Bàbá Sìmẹ́ńtì! Ẹ̀yin náà lẹ tún ń bó o? Kí la ó wá máa pè yín báyìí?"

"Ẹ máa pe ìyẹn lọ, títí ẹ ó fi rí òmíràn."

Òórùn ilẹ̀ tútù ń jáde látinú ògiri, díẹ̀díẹ̀. Ó tún gbé òòlù sókè.

"Rọra kàn án," ni Màmá Òkè wí, ojú rẹ̀ ti pa dé. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sùn ni."